Páàdì Tó Wá Láti Òkè Òkun

Èékánná ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń mọ páàdì bíréèkì tó dára, ìyẹn pẹlẹbẹ tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, á fi èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún ha á lójú, á sì gbé e sún mọ́ imú. Bí ó bá ń rún bí àkàrà ìjẹta, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ó bá le bí òkúta, á jù ú síbẹ̀ náà, nítorí páàdì tó bá le jù, irin tó ń fún mọ́ ni yóò máa jẹ. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ló ń gbé sórí àtẹ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìlaròó, lójú ọ̀nà tó jáde lọ sí Ayétòrò, láàárín ẹni tó ń lẹ táyà àti ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti sọ ilẹ̀ iwájú ibẹ̀ di dúdú láti ọjọ́ pípẹ́.

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí láì kọ́kọ́ sọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe fún mi, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀bi mi á máa wúwo sí i. Bàbá wa kú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀gùá, láti ibẹ̀ ó ń gba ọ̀nà igbó bọ́ sí òdìkejì bodè. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń kó bọ̀ nínú àpò ìrẹsì. Fàyàwọ́ ni, mi ò ní fi èdè dídùn bò ó. Fàyàwọ́ yẹn ló sanwó ìwé mi, òun ló ra bàtà tí mo wọ̀ lọ ṣèdánwò, òun náà ló gbé mi dé ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá.

Nígbà tí mo wá di olùkọ́ ní Ayétòrò, tí ilé mi sì wà ní Ìlaròó, mo ra ọkọ̀ àlòkù kan kí n lè máa lọ kí n máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú aṣọ Jímọ́ọ̀ lọ́rùn, ó yọ jáde, ó gbọn erùpẹ̀ nù, ó ní, "Àbúrò mi, ọkọ̀ yìí ò ní dààmú rẹ. Bó bá sì fẹ́ dààmú rẹ, mo wà ńbẹ̀."

Ó sì wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Bí ohunkóhun bá ti bàjẹ́, mẹkáníìkì mi ní Ayétòrò á tú u, á ní kí n mú un dání gẹ́gẹ́ bí sáńpù, n ó sì gbé sáńpù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá mọ ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ nílẹ̀ yìí mọ̀ pé sáńpù ni ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, á wọ̀n wọ́n, á yí wọn síwá sẹ́yìn, á ní, "Àwọn méjèèjì yìí, ìyá kan náà ló bí wọn." Tòkunbọ̀ ló fẹ́ràn jù láti tà. Bí oníbàárà bá ń bẹ̀rù pé àlòkù ni, á ní, "Ó ti sìn nílùú òyìnbó, kò kú. Ṣé ọwọ́ mi ni yóò wá kú sí?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà á.

Ìgbà tí ìjọba ti bodè ni nǹkan yí padà. Ọkùnrin ará Kùtọnú tó máa ń kó tòkunbọ̀ fún un, tó máa ń na ẹ̀yìn ọjà rẹ̀ bí ẹni na ẹṣin, tí á ní, "Sẹ bọ́n, mọ̀ǹfùrẹ̀ẹ́, sẹ bọ́n," ìyẹn "ó dára, arákùnrin mi" ní èdè Faransé, kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tuntun inú páálí, èyí tí wọ́n kọ òyìnbó rẹpẹtẹ sí lára. Mo rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ kó wọn dé. Ó ha wọ́n lójú, ó gbóòórùn wọn, ó ní wọ́n dára. Èmi ni oníbàárà tó kọ́kọ́ rà nínú wọn, torí òun fúnra rẹ̀ ló yàn án fún mi.

Kò pẹ́ rárá sí ìgbà náà tí mo ń lọ sílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà Ayétòrò, kí èèyàn tó dé Igbógìlà, afárá kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tírélà tó kó sìmẹ́ńtì ń rọra lọ níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ ṣàà, ọkọ̀ kò dúró. Mo gbọ́ tí irin ń ké lẹ́sẹ̀ táyà. Mi ò mọ ẹni tó darí ọwọ́ mi. Mo ṣáà rí i pé mo ti yà bọ́ sínú oko pákí, igi pákí ń ṣẹ́ gbàù gbàù lábẹ́ mi, títí ọkọ̀ fi dúró nínú ebè. Nǹkan kan kò ṣe mí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sọ "Olúwa o ṣé" lásọtúnsọ.

Mẹkáníìkì mi wá láti Ayétòrò. Ó tú táyà, ó yọ páàdì jáde, ó sì nà án sí mi. Irin lásán ló kù. Ojú rẹ̀, èyí tó yẹ kó máa di ọkọ̀ mú, ti ṣí kúrò lára irin odindi. Àtè tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò ju àtè ìwé ọmọ iléèwé lọ.

"Màdáámù," ni mẹkáníìkì wí, "ẹ gbé e lọ fún bọ̀dá yín kí wọ́n rí i."

Mo ní rárá. Bí mo ṣe sọ rárá yẹn kíákíá ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Nínú ilé tiwa, a kì í dá ọjà padà fún ará ilé. Kò sẹ́ni tó jókòó tó ṣòfin náà, inú rẹ̀ la dàgbà sí. Àbúrò bàbá wa kan ń ta bàtà nígbà kan. Bí bàtà rẹ̀ bá ya ẹnu lọ́sẹ̀ tí a rà á, a ó lọ rán an níbi tí kò ti ní rí wa, a ó tún wọ̀ ọ́ lọ kí i, a ó ní, "Bàtà yín ń bẹ lẹ́sẹ̀ wa o." Ọ̀wọ̀ la pè é. Ta ni yóò gbé ọjà bíbàjẹ́ síwájú àgbà, kí àwọn oníbàárà máa wò ó lójú? Tó tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi! Mo gba páàdì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo fi bébà wé e, nígbà tí mo dé ilé ìwé, mo jù ú sínú ṣáláńgá, àlòkù kan tí mẹkáníìkì bá mi wá ni mo sì ń lò.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ewúrẹ́ kan ló já sọ́nà, tí mo yà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, bí mo bá ti yọ sí ṣọ́ọ̀bù, á kígbe sí ìyá ẹlẹ́pà pé kó so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ o, olùkọ́ ń bọ̀. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó rọrùn tó rírẹ́rìn-ín sí irọ́ tí èèyàn fúnra rẹ̀ pa.

Ọdún yẹn ni ọmọbìnrin mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bímọ, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Níbẹ̀ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ nílùú òyìnbó. Ọmọ mi jókòó sórí àga, ọmọ tuntun wà lọ́mú, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tẹ orúkọ ọkọ̀ mi àti ọdún tí wọ́n ṣe é sórí fóònù. Páàdì jáde lóríṣiríṣi, pẹ̀lú àwòrán. Kò sí sáńpù. Kò sẹ́ni tó ha nǹkan kan lójú. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ìyá mi ńkọ́, oko ẹ̀fọ́ wọn ńkọ́. Kò sí pé "ẹ san jù bẹ́ẹ̀ lọ," kò sí pé "tìtorí yín ni." Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà nínú òjò, ó sì lọ láì kí ẹnikẹ́ni. Mo gbé páàdì náà lọ́wọ́, ó wúwo, ó tutù. Mo fẹ́ ha á lójú, èékánná mi kò sì mọ ohun tó ń wá. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, kí n má purọ́. Ó balẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ oko pákí. Inú mi wá bàjẹ́ pé ó balẹ̀.

Mo fi aṣọ tí mo rà fún àwọn ará ilé wé wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, ọ̀gá aṣọ́bodè kan ní kí n ṣí i. Ó gbé páàdì kan jáde láàárín búláòsì àti ìbọ̀sẹ̀, ó wò ó, ó wò mí.

"Màmá, ṣé wọn kì í ta bíréèkì ní Nàìjíríà ni?"

Mo ní ẹnì kan ló rán mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Mo jáde, mo sì bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà. Láti Ìlaròó ló ti jí wá gbé mi. Ó gbé àpótí náà, ó mì, ó ní, "Òkúta wo lo kó bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù?"

"Ìwé ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwé! Olùkọ́, o ò ní pa mí." Ó gbé páàdì òkè òkun sínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, ó rọra tò ó kí ìwé mi má baà ya, ó sì gbé mi dé ilé. Gbogbo ọ̀nà ló ń bá mi ṣàwàdà. Mo fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì méjì tó dára. Ìtìjú ni mo fi ra èkejì, kì í ṣe ìfẹ́.

Nígbà tí mẹkáníìkì mi ń de páàdì náà mọ́ ọkọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kò burú. Ó ń de bóòtù lọ, kò gbójú sókè, ó ní, "Àwọn tó kù ńkọ́, Màdáámù?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń ra ti inú páálí yẹn."

Mo dá a lóhùn pé èmi kọ́ ni mò ń tà á. Inú bí mi sí i. Mo rò pé ó ń fojú di mí ni, àṣé ojú ẹ̀bi ni mo fi ń wò ó.

Kí ẹ̀gbọ́n mi má baà fura pé n kì í ra páàdì mọ́, mo ń ra àwọn nǹkan wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: gílóòbù iná, ọ̀pá tó ń nu òjò lójú gíláàsì, omi bátìrì. Mo máa ń yà síbẹ̀ tí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, ọkùnrin tó ń kó èrò láàárín Igbógìlà àti Ìlaròó. Ó gbé páálí páàdì lọ́wọ́, ó ń ṣiyèméjì. Ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ wò ó, àbúrò mi rèé. Láti ìgbà tó ti ra ọkọ̀, ọjà mi ló ń lò. Ojoojúmọ́ ló ń gba ọ̀nà Ayétòrò. Ṣé èmi á wá fi ọmọ ìyá mi wewu? Ẹ bi í!"

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. "Ṣé ó ń mú dáadáa, Màdáámù?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tilẹ̀ la ẹnu, orí ni mo mì, bíi pé orí mímì kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà sanwó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fi páálí náà sábẹ́ apá, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá pàdé mi lọ́nà, tí àwọn obìnrin ẹlẹ́rù kún inú rẹ̀ títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn, ń ṣe ni mò ń mójú kúrò.

Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tó tọ́. Iṣẹ́ mi ni. Mo dúró níwájú kíláàsì kan lọ́sẹ̀ kan náà, mo kọ òwe sójú pátákó: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Mo ṣàlàyé kòkòrò, mo ṣàlàyé hẹ̀rẹ̀huru. Àwọn ọmọ dà á kọ. Mo ní kí wọ́n lò ó nínú gbólóhùn, mo sì máàkì gbogbo rẹ̀ láìsí èyí tó dá mi dúró.

Ìgbà òjò ni Màmá wa ní àwọn fẹ́ lọ kí mọ̀lẹ́bí wa kan tó ṣọ̀fọ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Èmi ni ǹ bá gbé wọn lọ, ṣùgbọ́n ìdánwò ń lọ lọ́wọ́ nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí wàhálà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páàdì ọkọ̀ òun ni. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù. Mo dúró, fóònù wà létí mi, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ rọra wà á o, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ní, "Ewúrẹ́ ni kí o kìlọ̀ fún."

Wọ́n lọ ire. Bíbọ̀ ni. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà ń yọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó dé Ayétòrò, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wọlẹ̀ bí tèmi ṣe wọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oko pákí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ògiri kọ́fáàtì onísìmẹ́ńtì tí omi ń gbà lábẹ́ ọ̀nà ni ọkọ̀ lọ kọlù. Ẹ̀gbọ́n mi fi orí gba ọgbẹ́ díẹ̀. Màmá, tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sóko ẹ̀fọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kí á tó jí, egungun ìdí wọn ló ṣẹ́.

Nílé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé Màmá wọlé lọ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Báńdéèjì wà lórí rẹ̀. Ó bọwọ́ sápò, ó yọ irin páàdì kan, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ mi. Irin lásán ni, kò lójú.

"Mẹkáníìkì rẹ ló bá mi tú u," ló wí. "Ó wò ó, kò yà á lẹ́nu. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí n bi ọ́ nípa ewúrẹ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti oko pákí, mo sọ ti ṣáláńgá, mo sọ ohun tó wà nínú àpótí tó gbé ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ń wo ilẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo, mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀, torí ariwo ìbá ṣe mí lóore.

"Ẹni tí kò mọ̀ mí rí," ló wí wẹ́rẹ́, "bó bá ra ohun tí kò dáa, á gbé e padà. Á bú mi, á bú bàbá mi, gbogbo àdúgbò á gbọ́. N ó bẹ̀ ẹ́, n ó sì kó irú ọjà yẹn kúrò lórí àtẹ. Bí mo ṣe ń mọ̀ nìyẹn. Èékánná ò kí ń rínú. Àwọn tó ń bú mi ló ń bá mi tún ọjà mi ṣe. Ìwọ, o ń kúnlẹ̀ kí mi."

"Ọ̀wọ̀ yín ni mo wò, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀wọ̀," ló wí. Ó gba irin náà lẹ́sẹ̀ mi, ó dá a padà sápò, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ.

Lẹ́yìn náà, ó kó gbogbo ti inú páálí kúrò lórí àtẹ, ó dáná sun páálí wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ti tà á fún kiri lórí ọ̀kadà. Ó dé Àgọ́ṣáṣá. Ó wá awakọ̀ bọ́ọ̀sì Igbógìlà rí, ó bẹ̀ ẹ́ níwájú èrò, ó yọ páàdì náà lójú ọ̀nà, ó fi tòkunbọ̀ tó yọ lára ọkọ̀ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí rọ́pò rẹ̀, torí irú kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì ń lò. Olúwa ló bá mi ṣọ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́rù yẹn. Nígbà tí àtẹ ṣófo, mo lọ bá a pé kó jẹ́ kí ọmọ mi máa fi èyí tó dára ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, kó máa tà á. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé.

"Ta ni yóò rà á? Ṣé awakọ̀ bọ́ọ̀sì Igbógìlà náà lọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù ni?"

Kò bá mi jà. Ìyẹn ló ń pa mí. Kò pe ewúrẹ́ mọ́. Bí mo bá kí i, á dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ó ṣe ń dá ìyàwó àlùfáà lóhùn.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni Màmá padà sí láti ilé ìwòsàn, ó kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jẹ́ ibòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń po ẹ̀kọ wọn láàárọ̀, òun ló ń gbé wọn lọ sílé ìwẹ̀. Bó bá ti bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́?" wọ́n á ní, "Ó ti fúyẹ́, ọkọ mi. Díẹ̀ ló kù kí n sá eré." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín.

Sátidé tó kọjá, mo lọ kí wọn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé korobá jáde lọ síbi kànga, Màmá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn. Wọ́n sọ fún mi pé ìdí náà kò fúyẹ́ rárá. Ohun kan ń yẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n bá ti yíra padà, láti ilé ìwòsàn ló sì ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń bò ó.

"Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ," ni wọ́n wí. "Ojú á tì í. Ìyà tó ń fi jẹ ara rẹ̀ ti tó. Ní kí ọmọ rẹ bá mi ra oògùn ara ríro ní Lọ́ńdọ̀nù, kó fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Tiwọn lágbára. Kó má gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kọjá."

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó wọlé, korobá kún lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán sílẹ̀. Ó rí bí orí wa ṣe wà papọ̀.

"Kí lẹ̀ ń bá a sọ, Màmá?"

Màmá fún ọwọ́ mi pinpin. Ìtàn irọ́ kan ti wà lẹ́nu mi, ó ti tò fúnra rẹ̀, ó sì dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí, "ìdí Màmá kò fúyẹ́ o. Nǹkan ń yẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ilé ìwòsàn ni. Ẹ̀yin ni wọn ò fẹ́ kó mọ̀."

Màmá jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Wọ́n yíjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi gbé korobá sílẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ Màmá. Mo rò pé mo ti pa á.

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí mi. "Lọ gbé ọkọ̀ rẹ wá," ló wí. "Tìrẹ ni a ó fi gbé wọn padà lọ sílé ìwòsàn."